Fífi Ilé Ẹ̀kọ́ Ìjọba Wéra Nínú Ìlú Kékeré: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Òbí àti Ẹgbẹ́ Ìlú ní Agbègbè Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Kí là ń wò gan-an bí a bá ní ilé ẹ̀kọ́ kan ń ṣe dáadáa ju èkejì lọ?

Ohun mẹ́rin ni. Ṣé àwọn ọmọ ń wá sí kíláàsì? Ṣé wọ́n mọ ìwé kà, ṣé wọ́n sì mọ ìṣirò tó yẹ kíláàsì tí wọ́n wà? Mélòó nínú àwọn tó wọlé ló parí? Irú èsì wo ni àwọn tó parí gbé jáde? Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà, tó ní géètì ńlá, lè kẹ́yìn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ní ìlú bí Ìjù, Ìta-Ògbólú, Ìlárá-Mọ̀kín tàbí Bọ́lórúndúró, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí òbí lè yàn láàárín wọn kò pọ̀. Ẹni tó ṣe ipò kìíní kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ibi tí bàtà ti ń ta ọmọ lẹ́sẹ̀ là ń wá, àti ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kan ń ṣe tí èkejì lè kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ṣé òṣùwọ̀n kan náà la lè fi wọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama?

Rárá. Girama ní WAEC àti NECO, tí àwọn ará ìta ń ṣètò tí wọ́n sì ń máàkì. Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn tíṣà ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra wọn ló ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ ìdánwò. Common Entrance tí NECO ń ṣe kò lè ràn yín lọ́wọ́, torí pé àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ bíi FGGC Àkúrẹ́ tàbí FGC Ìdóàní nìkan ló ń jókòó fún un. Ìwé kíkà, ìṣirò àti wíwá sí kíláàsì ni kí ẹ fi wọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ibo la ti máa rí àkọsílẹ̀?

Inú ilé ẹ̀kọ́ gan-an. Ìwé mẹ́ta ni kí ẹ béèrè. Èkíní ni rẹ́jísítà kíláàsì, tí tíṣà ń sàmì sí láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Èkejì ni ìwé ìgbàwọlé, tó ní ọjọ́ tí ọmọ wọlé, ọjọ́ tó kúrò àti ìdí tó fi kúrò. Ẹ̀kẹta ni lọ́ọ̀gì-bùúkù ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Èyí ni àwọn ènìyàn sábà máa ń fò, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ọ́ pé ìjì ṣí òrùlé kíláàsì kẹta, pé tíṣà ìṣirò gba ìwé ìṣípòpadà, pé ìyanṣẹ́lódì gba ọ̀sẹ̀ mélòó. Láìka ìwé yìí, ẹ ó rí i pé èsì já wálẹ̀, ẹ kò sì ní mọ ohun tó já a.

Ní girama, gíwá ní ìwé èsì WAEC tí orúkọ gbogbo ọmọ tó jókòó àti àmì wọn ní iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà. Òǹkà ni kí ẹ gbà, ẹ má gba orúkọ.

Báwo la ṣe ń ka èsì WAEC?

A1, B2, B3, C4, C5 àti C6 ni kírédíìtì. D7 àti E8 jẹ́ ìyege lásán, F9 jẹ́ ìkùnà. Máàkì 50 ni ìsàlẹ̀ C6, 75 sì ni ìsàlẹ̀ A1. Òṣùwọ̀n tó wúlò jù ni iye àwọn ọmọ tó ní kírédíìtì 5 tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú rẹ̀, torí òun ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè. Bí ẹnikẹ́ni bá ní “ìdá 80 nínú 100 ló ní kírédíìtì 5,” ẹ bi í bóyá Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà níbẹ̀. Nígbà púpọ̀, ìdá 80 yẹn máa ń wálẹ̀ gan-an tí wọ́n bá dáhùn.

Ìbéèrè kejì ni “nínú mélòó?” Ẹ kọ òǹkà mẹ́ta sílẹ̀: àwọn tó wà ní SS 3, àwọn tó jókòó, àwọn tó ní kírédíìtì 5 náà. Ọmọ tí WAEC dá èsì rẹ̀ dúró ṣì wà lára àwọn tó jókòó. Ẹ má yọ ọ́. Ẹ má sì pa WAEC pọ̀ mọ́ NECO, torí ọmọ kan náà lè ṣe méjèèjì, ẹ ó wá kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ya Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò sọ́tọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí ìdá 70 nínú 100 ti ní kírédíìtì Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n tí ìdá 30 péré ní ti Ìṣirò, tíṣà ìṣirò ló nílò. Òǹkà kan ṣoṣo kò ní fi èyí hàn yín.

Ṣé káàdì ìparí táàmù kò tó?

Kò tó. Tíṣà kan lè le, èkejì lè lawọ́. Ní ọ̀pọ̀ girama, máàkì 40 ń ti inú iṣẹ́ kíláàsì wá, 60 sì ń ti inú ìdánwò wá; ibi 40 yẹn gan-an ni wọ́n ti máa ń fi kún un. Ẹni tó ṣe ipò kẹta nínú ọmọ 18 kò ṣe é fi wé ẹni tó ṣe ipò kẹta nínú ọmọ 70. Káàdì wúlò fún òbí láti mọ bí ọmọ tirẹ̀ ṣe ń yí padà láti táàmù dé táàmù.

Ọmọ 12 péré ló ń jókòó WAEC níbì kan, 90 níbòmíràn. Ṣé a lè fi wọ́n wéra?

A lè ṣe é, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú èsì ọdún kan. Ibí yìí ni àwọn ìlú kékeré ti ń ṣìnà jù lọ. Níbi tí ọmọ 12 ti jókòó, ọmọ kan ju ìdá 8 nínú 100 lọ. Bí àìsàn bá mú ọmọ méjì lọ́jọ́ ìdánwò Ìṣirò, èsì ti já wálẹ̀ pẹ̀lú bí ìdá 17, tíṣà kò sì ṣe nǹkan kan. Níbi tí ọmọ 90 ti jókòó, ọmọ méjì yẹn jẹ́ bí ìdá 2 péré.

Ẹ pa ọdún mẹ́ta pọ̀. Ká ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré ní 9 nínú 12 lọ́dún kìíní, 6 nínú 12 lọ́dún kejì, 7 nínú 13 lọ́dún kẹta. Àròpọ̀ rẹ̀ ni 22 nínú 37, ìyẹn bí ìdá 59. Ká ní ilé ẹ̀kọ́ ńlá ní 54 nínú 90, 57 nínú 95, àti 52 nínú 88. Àròpọ̀ rẹ̀ ni 163 nínú 273, tó lé díẹ̀ lórí ìdá 59. Wọ́n dọ́gba. Ẹni tó bá ka ọdún kìíní nìkan á ní kékeré fi ìdá 15 ju ńlá lọ. Ẹni tó ka ọdún kejì nìkan á ní ńlá ló fi ìdá 10 borí. Àwọn méjèèjì á máa jà ní ìpàdé lórí ohun tí kò sí.

Ẹ ro àwọn ọmọ pọ̀ kí ẹ tó pín in. Ẹ má mú ìdá ọdún mẹ́ta kí ẹ wá ìpíndọ́gba wọn, torí ọdún tí ọmọ kéré á ní agbára kan náà pẹ̀lú ọdún tí ọmọ pọ̀.

Báwo la ṣe ń ṣírò wíwá sí kíláàsì?

Táàmù ọ̀sẹ̀ 12, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, àmì 2 lójúmọ́, ó jẹ́ àmì 120 fún ọmọ kan. Kíláàsì ọmọ 24 yẹ kó ní 2,880. Bí àmì wíwá tó wà nínú rẹ́jísítà bá jẹ́ 2,304, ìdá 80 nínú 100 nìyẹn. Ẹ yọ ọjọ́ ìsinmi ìjọba àti ọjọ́ ìyanṣẹ́lódì kúrò nínú 120 kí ẹ tó ṣírò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọjọ́ tí àwọn ọmọ kì í wá. Ní ìlú tó ń ná ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, ẹ fi kàlẹ́ńdà ọjà lé orí rẹ́jísítà: àmì àìwá á tẹ̀ lé ọjọ́ ọjà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ní agbègbè kòkó bí Ìdànrè àti àwọn abà tó yí Oǹdó ká, táàmù kìíní ló ń bọ́ sí àsìkò ìkórè, ìgbà yẹn sì ni àwọn ọmọkùnrin ńlá máa ń pòórá. Ẹ fi táàmù kìíní wé táàmù kìíní. Ẹ má fi wé kẹta.

Rẹ́jísítà tí gbogbo ọmọ ti wá lójoojúmọ́ kò ṣe é gbà gbọ́. Ẹ wọ kíláàsì láìròtẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ka orí, ẹ fi wé àmì ọjọ́ náà. Bí ó bá ti fi ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún yàtọ̀ nígbà gbogbo, ẹ má lo rẹ́jísítà yẹn fún ìfiwéra.

Báwo la ṣe lè yẹ ìwé kíkà wò láìná owó púpọ̀?

Ẹ mú kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ tí kò bá mọ ìwé kà níbẹ̀ yóò máa kọsẹ̀ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Ẹ kọ àyọkà Yorùbá kan tí kò ju ọ̀rọ̀ 60 lọ, kí ó ní àmì ohùn, lẹ́tà rẹ̀ kí ó tóbi. Ẹ kọ ti Gẹ̀ẹ́sì náà. Ẹ má mú un láti inú ìwé tí wọ́n ń kà ní kíláàsì. Ẹ ṣe àyọkà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí agbára wọn dọ́gba, torí bí ẹ bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kìíní ní Mọ́ńdè, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kejì á ti gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù kó tó di Tusidé.

Inú rẹ́jísítà ni kí ẹ ti yan ọmọ. Bí wọ́n bá jẹ́ 60, tí ẹ sì fẹ́ 20, ẹ mú ẹnì kan nínú mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ fi ìbò mú ẹni àkọ́kọ́. Ẹ má jẹ́ kí tíṣà yan wọn fún yín. Ọmọ tí kò wá lọ́jọ́ náà, ẹ padà wá bá a lọ́jọ́ kejì. Àwọn tí kì í wá ni àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà sábà máa ń wà láàárín wọn, bí ẹ bá fò wọ́n, èsì á dùn ju òtítọ́ lọ. Olùdánwò kò gbọdọ̀ jẹ́ tíṣà ilé ẹ̀kọ́ náà. Kí tibí lọ síbẹ̀, kí tibẹ̀ wá síbí.

Ọmọ kan ní ìṣẹ́jú kan, ní ibi tí àwọn yòókù kò ti lè gbọ́. Ẹ pín wọn sí ìpele mẹ́rin: ẹni tó mọ lẹ́tà nìkan, ẹni tó lè ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ka àyọkà já, àti ẹni tó kà á já tó sì dáhùn méjì nínú ìbéèrè mẹ́ta lórí rẹ̀. Ẹ ṣọ́ ojú ọmọ. Bí ẹnu bá ń lọ tí ojú ti kúrò lórí ìwé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tó há sórí ló ń kà. Ẹ fi ìka sí ọ̀rọ̀ tó wà ní ìparí ìlà, ẹ ní kó kà á, lẹ́yìn náà èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ọmọ tó mọ ìwé kà á pè é. Ẹni tó há a sórí á padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà.

Àwọn ọmọ tó ń wọ ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì kò dọ́gba láti ilé. Ṣé ìfiwéra náà tọ́?

Kò tọ́, àfi tí ẹ bá wọn bí wọ́n ṣe wọlé àti bí wọ́n ṣe jáde. Ẹ yẹ ìwé kíkà wò ní September, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò ní July, lórí àwọn ọmọ kan náà. Ká ní ilé ẹ̀kọ́ kan tó sún mọ́ sẹkitéríàtì ní ọmọ 40, tí 30 lè ka àyọkà ní September, tí wọ́n di 32 ní July. Ká ní èyí tó wà létí oko ní ọmọ 40, tí 8 lè kà á ní September, tí wọ́n di 22 ní July. Lórí pátákó, ìdá 80 àti ìdá 55 ni ẹ ó rí. Ṣùgbọ́n ọmọ 14 ni èyí tó wà létí oko kọ́ ní ìwé kíkà láàárín ọdún kan, èkejì kọ́ ọmọ 2. Àwọn tíṣà etí oko yẹn ló yẹ kí a pè wá kí wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe é.

Kí a má ṣe rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ṣá o. Ọgbọ̀n ọmọ tó ti mọ àyọkà kà kò lè gòkè mọ́ lórí òṣùwọ̀n àyọkà. Fún irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, ẹ lo ìpele kẹrin, tàbí kí ẹ fún wọn ní ìtàn tó gùn.

Ilé ẹ̀kọ́ tuntun náà ń yí ẹni tó ń wọlé padà. Nígbà tí ìjọba Olúṣẹ́gun Mímìkò, láàárín 2009 sí 2017, ń kọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ Mega káàkiri ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹwà ilé náà tó láti fa òbí tó ń lépa ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ kúrò níbi tó wà. Níbikíbi tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀, èsì ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ lè wálẹ̀ láìjẹ́ pé tíṣà kankan ṣe ìmẹ́lẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìwé ìgbàwọlé iye àwọn tó lọ.

Báwo la ṣe ń ka tíṣà?

Ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ẹ̀kọ́ ní kí ọmọ tó wà lọ́wọ́ tíṣà kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ má ju 35 lọ. Àmọ́ kíka gbogbo orúkọ tó wà lára ògiri ọ́fíìsì máa ń tanni. Ẹ pín wọn: tíṣà ìjọba, tíṣà tí PTA (ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́) ń sanwó fún, kọ́pà, àti akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ṣe teaching practice láti ibi bíi Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ní Oǹdó. Kọ́pà á lọ láàárín ọdún kan, ẹni tó wá ṣe teaching practice á tètè kúrò jù ú lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tí kọ́pà ń kọ́ni ní Físíìsì, tíṣà Físíìsì kò sí níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní girama, ẹ kà á ní iṣẹ́-iṣẹ́. Tíṣà 25 lè wà, kí 5 jẹ́ ti Ìmọ̀ Ìjọba, kí Ìṣirò ní ẹnì kan láti JSS 1 dé SS 3.

Èsì ibì kan dára, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń dé SS 3 kò pọ̀. Báwo la ṣe ń wò ó?

Ẹ padà sí JSS 1 ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ká ní ọmọ 110 wọlé, 48 jókòó WAEC, 36 ní kírédíìtì 5 pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Nínú àwọn tó jókòó, ìdá 75 ni. Nínú àwọn tó wọlé, ìdá 33 ni. Ká ní èkejì gba ọmọ 80, 68 jókòó, 42 yege: ìdá 62 nínú àwọn tó jókòó, ìdá 52 nínú àwọn tó wọlé. Èkejì yìí ló tọ́jú ọmọ ìlú jù.

Ẹni tó kó lọ sí Àkúrẹ́ tàbí tó bọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lẹ́yìn JSS 3 kì í ṣe ẹni tó fi ìwé sílẹ̀. Ẹ wo ìdí tí wọ́n kọ sínú ìwé ìgbàwọlé. Bí wọn kò bá kọ ìdí, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ mọ ibi tó wà.

Ṣé kí a fi ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kún un?

Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Aládàáni lè ṣe ìdánwò kó tó gba ọmọ wọlé, ó sì lè ní kí ọmọ tí kò mọ̀wé wá ibòmíràn lọ; ìjọba ni yóò gba ọmọ yẹn.

Èsì ilé ẹ̀kọ́ kan fò sókè lọ́dún kan ṣoṣo. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá magomágo wà níbẹ̀?

Ẹ má fi ẹnu kan ẹnikẹ́ni kí ẹ tó wo nǹkan mélòó kan. Ṣé àwọn tó jókòó pọ̀ ju àwọn tó wà ní SS 2 lọ́dún tó kọjá lọ? Bí SS 2 bá jẹ́ 45, tí ẹni tó jókòó jẹ́ 130, àwọn ará ìta ló kún un, èsì yẹn kì í sì í ṣe ti ọmọ ìlú yín. Mírákù sẹ́ńtà, ibi tí wọ́n ti ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti jí ìwé wò, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ṣé àmì kan náà ni gbogbo ọmọ ní nínú iṣẹ́ kan, bóyá C4 láti òkè dé ìsàlẹ̀?

UTME, ìdánwò JAMB fún àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì, tún lè ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀, torí orí kọ̀ǹpútà ni, ní ibùdó tí kì í ṣe ti ilé ẹ̀kọ́ náà. Bí àwọn ọmọ tó ní B3 Gẹ̀ẹ́sì nínú WAEC bá ń gbé máàkì Gẹ̀ẹ́sì tó kéré gan-an bọ̀ láti UTME, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ díẹ̀ ló ń ṣe é, nítorí náà ẹ má fi òun nìkan dájọ́. Ẹ ṣì rántí pé tíṣà Ìṣirò tuntun tó mọṣẹ́ lè gbé èsì sókè lóòótọ́. Lọ́ọ̀gì-bùúkù á sọ ọjọ́ tó dé.

Bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá kọ̀ láti fún wa ní òǹkà ńkọ́?

Ohun tó sábà ń dẹ́rù bà á ni kí wọ́n má lọ fi òǹkà náà gbé e kúrò nípò. Ẹ gba inú PTA tàbí SBMC (ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́) wọlé, kí ẹ fi fọ́ọ̀mù tí ẹ fẹ́ kó kún hàn án ní òfìfo, kí ó rí i pé kò sí orúkọ níbẹ̀. Bí èyí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀, tàbí SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀, ní Àkúrẹ́. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Ẹ gba òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín.

Ṣé kí a lẹ èsì ìfiwéra mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ìlú?

Ẹ lè lẹ̀ ẹ́, tí kò bá sí orúkọ ọmọ níbẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 wà, ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní kò sí, ní ìlú kékeré “ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó gba F9 ní SS 3” ti tó orúkọ. Ibi tí ọmọ kò bá ti pé 10, ẹ má ṣe tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ìpín-ìpín. Ẹ fi iye ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ìdá, kí ẹ tò wọ́n ní álífábẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá tò wọ́n láti ẹni tó ṣe kìíní dé ẹni tó kẹ́yìn, àwọn òbí á kó ọmọ kúrò níbi tó kẹ́yìn, ibi tó kún á wá ní ọmọ 80 ní kíláàsì kan, ìjọba á sì yọ tíṣà níbi tó ṣófo. Láàárín ọdún díẹ̀, ẹ ti ba méjèèjì jẹ́.

Wọ́n ń fi ìfiwéra yìí sọ pé kí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ kékeré pa, kí wọ́n kó o mọ́ ńlá. Kí la lè sọ?

Ẹ wọn ọ̀nà kí ẹ tó wọn èsì. Láti ẹnu ọ̀nà ilé tó jìnnà jù dé ilé ẹ̀kọ́ ńlá, ìṣẹ́jú mélòó ni ọmọ ọdún 6 á fi rìn ín? Ṣé á sọdá títì márosẹ̀ Àkúrẹ́ sí Oǹdó tàbí ti Ọ̀wọ̀? Ṣé odò kan wà tó ń kún lójò? Owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀, ẹ fi ọjọ́ 60 táàmù kan ṣe é lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ilé kò ní lè san án, ọmọ yóò sì dúró sílé.

Bí tíṣà méjì péré bá wà fún kíláàsì mẹ́fà níbi kékeré, ìyẹn jẹ́ ìṣòro tòótọ́. Ẹ lè béèrè kí wọ́n fi kíláàsì kìíní sí ìkẹta sílẹ̀ lábúlé, kí àwọn tó dàgbà tó láti rìn máa lọ sí ńlá. Tíṣà méjì yẹn á kọ́ kíláàsì mẹ́ta dáadáa ju mẹ́fà lọ.

Lẹ́yìn gbogbo ìṣirò, kí la máa gbé lọ sọ́dọ̀ ìjọba?

Ìwé ojú kan. Ẹ kọ ilé ẹ̀kọ́, kíláàsì, iye ọmọ, ohun tí ẹ wọn, ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n, àti ohun kan ṣoṣo tí ẹ ń béèrè. “Ẹ ràn wá lọ́wọ́” kò ní dé ibi kankan. “JSS 1 sí SS 3 ní ọmọ 312, tíṣà Ìṣirò kan, kírédíìtì Ìṣirò ìdá 30 nínú 100 fún ọdún mẹ́ta, a ń béèrè tíṣà Ìṣirò méjì” ni ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì lè mú ṣiṣẹ́. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín àti aṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Àsìkò tó dára jù láti gbé e lọ ni àárín táàmù kẹta, kí wọ́n tó pín tíṣà fún September. Ẹ tọ́jú fọ́ọ̀mù àti àyọkà tí ẹ lò. Òun náà ni kí ẹ tún lò lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹ yí àyọkà láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́ kí ó má bàa jẹ́ èyí tí ọmọ ti há sórí.